SSD fún sáfà kékeré abẹ́ tábìlì mi: àwọn tí mo yọ, àwọn tí mo fi sílẹ̀

Àbúrò mi obìnrin ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ohùn la jọ ń ṣe: èmi ń gbà á sílẹ̀, òun ń gé e, ó sì ń tò ó. Lọ́jọ́ kan ó yọ ìgbọ́hùn kúrò létí, ó ní, "Bọ̀dá mi, kí ló ń kùn lábẹ́ ohùn màmá yìí?" Mo tẹ́tí sílẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé ohùn náà sókè, ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọ: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí eku tó ń họ pákó nínú yàrá kejì. Hard disk méjì tó wà nínú sáfà abẹ́ tábìlì mi ni, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń tọ́jú fáìlì wa. Bí mo ṣe ń gba ohùn ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń kọ ọ́ ni makirofóònù ń gbọ́ tiwọn náà.

Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ ni mo bá lọ sídìí SSD, irú dírááfù tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Eré sísá kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi rárá. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń sọ èrò rẹ̀ fún yín, torí ẹni tó fẹ́ fi sáfà tirẹ̀ gbé ẹ̀rọ ayélujára ilé iṣẹ́ ńlá lè má rí nǹkan kan mú nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Sáfà náà kò ju ìwé ńlá méjì tí a gbé lé ara wọn lọ. Processor Intel N100 ló wà nínú rẹ̀, RAM 16 GB, àyè SATA (ìsopọ̀ dírááfù ti àtijọ́) méjì fún dírááfù oní-íǹṣì 2.5, àyè M.2 (ti SSD pẹlẹbẹ) kan tí Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, jókòó sí, àti ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tó jẹ́ 2.5 gígábíìtì. ZFS, ètò tó ń to fáìlì sórí dírááfù, ló ń tọ́jú fáìlì mi, mirror ni mo sì ṣe é: ohun tó bá wọ dírááfù kan gbọ́dọ̀ wọ èkejì. Wákàtí kan ohùn ní bit 24 àti 96 kHz, tọ̀tún tòsì, ń gba bíi 2 GB. Èyí tí mo ti kó jọ lọ́dún pípẹ́ ti tó 1.4 TB.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń fa ojú ènìyàn lára páálí SSD ni nọ́ńbà eré. 3,500 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 7,000 MB. Èmi náà tutọ́ mì nígbà tí mo rí i. Àmọ́ ẹ wo ojú ọ̀nà tí fáìlì ń gbà dé inú sáfà. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì 1 gígábíìtì tó wà nínú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, bó ti wù kó ṣe dáadáa tó, bíi 112 MB ló ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá. Tèmi tó jẹ́ 2.5 gígábíìtì ń gbé bíi 280. SATA lásán, tí àwọn kan ti ń pè ní nǹkan àtijọ́, ń ṣe bíi 550. Ìyẹn ni pé dírááfù SATA tó dáa kan ṣoṣo ti sáré ju wáyà mi lọ ní ìlọ́po méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré ju wáyà 1 gígábíìtì lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Ẹni tó ra oní-7,000 síbẹ̀ ra ẹṣin eré ìje sínú gbàgede ilé ni.

Ó tún kù síbì kan. Processor N100 ní ọ̀nà PCIe, ìyẹn ọ̀nà tó fi ń bá àwọn ẹ̀yà mìíràn sọ̀rọ̀, mẹ́sàn-án péré láti pín fún gbogbo ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àpótí kékeré tó ní àyè M.2 mẹ́rin fi ń fún àyè kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀nà PCIe 3.0 kan kò lè gbé tó 1,000 MB ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ki oní-7,000 bọ̀ ọ́, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Bí àpótí yín bá jẹ́ oní-M.2 nìkan, ẹ ra NVMe (SSD tó ń gba ọ̀nà PCIe) ti PCIe 3.0 tí kì í gbóná jù, kẹ́ ẹ fi ìyókù owó yín ra àyè púpọ̀ sí i. WD Red SN700 ni mo máa wò ká ní irú àpótí yẹn ni mo ní: PCIe 3.0 ni, wọ́n ṣe é fún sáfà ilé, wọ́n sì kọ 2,000 TB sí èyí tó jẹ́ 1 TB gẹ́gẹ́ bí iye tí a lè kọ sínú rẹ̀ lábẹ́ wáráǹtì.

Mo mọ gbogbo èyí kí n tó rajà, síbẹ̀ mo ṣi ìrà. Mi ò tiẹ̀ wo eré lára páálí mọ́, iye TB ni mo wò, mo wá ra SATA 2 TB méjì tó jẹ́ QLC. Ẹni tó ṣe wọ́n kì í ṣe aláìmọ̀ṣẹ́, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi kì í ṣe àléébù ilé iṣẹ́ kan. Ìwà QLC ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Inú SSD kún fún àwọn yàrá kéékèèké tí iná mànàmáná ń gbé. SLC ń fi bit kan sí yàrá kan, MLC ń fi méjì, TLC ń fi mẹ́ta, QLC ń fi mẹ́rin. Bí bit ṣe ń pọ̀ sí i nínú yàrá kan, ìwọ̀n iná tí a ní láti yà sọ́tọ̀ síra wọn ń di ìlọ́po méjì, QLC ní 16, kíkọ rẹ̀ sì ń gba sùúrù. Kí oníbàárà má bàa mọ̀, wọ́n máa ń ya apá kan dírááfù sọ́tọ̀, wọn á máa kọ bit kan ṣoṣo sínú yàrá ibẹ̀ bí ẹni ń lo SLC. Ibẹ̀ ni eré wà. Tí fáìlì yín bá kéré ju apá yẹn lọ, ẹ ò ní mọ̀ láé pé QLC lẹ rà. Tó bá kún, ojú yín á là.

Tèmi kún lẹ́yìn bíi 80 GB. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da 1.4 TB mi sínú rẹ̀ lálẹ́, mo ti ṣírò pé yóò gbà mí ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, 280 MB, kò mi kànlẹ̀. Ó wá já lulẹ̀ sí 70, ibẹ̀ ló sì dúró sí títí. Mo fura sí wáyà, mo yọ ọ́, mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo fura sí switch, àpótí tó so àwọn wáyà pọ̀. Mo fura sí Debian. Mo lo wákàtí kan gbáko lórí ìdúró kí n tó rántí wo inú ìwé dírááfù náà, mo sì bá a níbẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́ẹ́rẹ́. Ó lé ní wákàtí márùn-ún kó tó parí. Hard disk tí mo lé jáde nítorí ariwo ìbá ti parí ṣáájú rẹ̀.

Samsung ní tiẹ̀ kò fi irú èyí pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé 870 QVO wọn tó jẹ́ QLC, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé tí àyè eré bá tán, èyí tó jẹ́ 1 TB yóò máa kọ 80 MB ní ìṣẹ́jú àáyá, àwọn tó tóbi jù ú lọ yóò máa kọ 160. Ẹ fi 80 yẹn wé 112 tí wáyà 1 gígábíìtì ń gbé, ẹ óò rí i pé dírááfù ti di ẹni tí wáyà ń dúró dè. 870 EVO wọn jẹ́ TLC, kò ní irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra èyíkéyìí, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àyè eré ni kó wá, kì í ṣe èyí tó wà lójú páálí. Ilé iṣẹ́ tí kò bá kọ ọ́ síbì kankan, èmi kì í rajà wọn mọ́.

Ẹ ò ní gbọ́ kí n bú QLC nítorí gbígbó o. Ibẹ̀ ni èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ti gba. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè kí n tó rà ló ń kìlọ̀ fún mi pé QLC yóò tètè kú, kí n wo TBW, ìyẹn iye TB tí wáráǹtì gbà kí a kọ sínú rẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún mi, mo ń kọ 20 GB. Lọ́dún kan, ìyẹn kò tó 8 TB. 870 QVO tó jẹ́ 2 TB ní 720 TBW. Ọdún 90 ó lé! Ọmọ ọmọ mi ni yóò wá pa á. Ẹni tó ń tọ́jú àwòrán, ohùn, fíìmù àti ìwé nínú ilé rẹ̀ kò ní wàhálà TBW. Wáráǹtì gan-an yóò ti lọ tipẹ́, ọdún mẹ́ta ni fún QVO, márùn-ún fún EVO.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ TBW kàn ni àwọn tó ń fi sáfà gba àwòrán kámẹ́rà ààbò tọ̀sán tòru. Kámẹ́rà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá yóò kọ bíi 172 GB lójúmọ́, ìyẹn 63 TB lọ́dún. Dírááfù oní-360 TBW kò ní pé ọdún mẹ́fà lábẹ́ irú iṣẹ́ yẹn. Fún kámẹ́rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí hard disk máa bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó lé QLC mi kúrò nínú sáfà kì í ṣe eré nìkan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, iná lọ bí mo ṣe ń kó fáìlì wọlé. Nígbà tó dé, ọ̀kan nínú wọn kò jáde rárá. Mo yọ ọ́, mo tún ki í bọ̀ ọ́, ó yọjú. Mo ní kí ZFS yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó rí àwọn ibi mélòó kan tí ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì mú ti dírááfù kejì tún un ṣe. Kò sí fáìlì tó sọnù. Ṣùgbọ́n oorun tí mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, ZFS ò lè dá a padà.

SSD máa ń fi RAM kékeré tó wà nínú ara rẹ̀ gba nǹkan kó tó kọ ọ́ sínú yàrá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ náà ló ń lo ìwé àkọsílẹ̀ tó fi mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà. Tí iná bá lọ lójijì, ohun tó wà lójú ọ̀nà lè sọnù. Àwọn dírááfù tí wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ ní kàpásítọ̀ nínú, àwọn ìkóná kéékèèké tó ń fún un ní àyè ìṣẹ́jú bíńtín kó fi kó ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kó tó pa ojú dé. Wọ́n ń pè é ní PLP. Ọ̀pọ̀ jù lọ SSD tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà ilé ò ní in. Ọ̀rọ̀ kan péré ni lórí ìwé wọn, òun ló sì níye lórí jù lójú mi báyìí.

Bí mo ṣe ra Kingston DC600M nìyẹn, èyí tó jẹ́ 1.92 TB. SATA ni, TLC ni, ó ní kàpásítọ̀, ó ní wáráǹtì ọdún márùn-ún, wọ́n sì ní a lè máa kọ gbogbo inú rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún náà. Ìyẹn 3,504 TB. Mi ò ní dé ibì kankan nínú rẹ̀. Ohun tí mo ra ni ìwà rẹ̀: eré tó bá bẹ̀rẹ̀ náà ló fi ń parí. Gbogbo 1.4 TB mi wọlé lórí 280, kò wálẹ̀, àfi nígbà tó kan àwọn fólídà tí fáìlì wẹ́wẹ́ kún inú wọn. Kò sì dún. Mo gbé etí lé orí àpótí náà bí ẹni ń gbọ́ àyà ọmọ, fáànù kékeré rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

Èkejì tí mo fi ṣe mirror ni WD Red SA500, 2 TB. Ẹ óò béèrè pé kí ló dé tí mi ò ra Kingston méjì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Lóṣù kọkànlá ọdún 2019, HPE, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sáfà, kéde pé àwọn SSD kan nínú sáfà wọn yóò kú pátápátá tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 32,768, àfi tí a bá tètè fi firmware tuntun, ìyẹn ètò tó ń darí dírááfù láti inú, sí i. Ọdún mẹ́ta, ọjọ́ 270 àti wákàtí mẹ́jọ nìyẹn. Àwọn tó mọ ìṣirò kọ̀ǹpútà dá nọ́ńbà yẹn mọ̀ lójú ẹsẹ̀: 2 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ní ìgbà 15 ni. Ẹ wá ro ó wò: ẹni tó ra dírááfù méjì lọ́jọ́ kan náà, tó tan wọ́n lọ́jọ́ kan náà, tó fi wọ́n ṣe mirror. Wákàtí kan náà ni ìbejì yẹn yóò dágbére. Ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀, firmware ọ̀tọ̀, ni mo wá.

Àdàlù yìí ní ìyà tirẹ̀, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi fà á. WD ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ara mi ò gbà á, mo dá àkójọ ZFS sílẹ̀ lórí rẹ̀ nìkan, mo da gbogbo ohùn mi sínú rẹ̀. Nígbà tí Kingston dé, mo ní kí ZFS so ó mọ́ ọn, ó ní dírááfù náà kéré jù. Òótọ́ ló sọ: 2 TB kò lè wọ inú 1.92 TB. Ká ní Kingston ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ni, ìbá gba WD láìjanpata. Mo dá àkójọ tuntun sórí Kingston, mo tún da gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo pa ti WD rẹ́, mo wá so ó mọ́ ọn. Alẹ́ ọjọ́ kan lọ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ da oníṣẹ́ méjì pọ̀, kó fi èyí tó kéré bẹ̀rẹ̀.

Lóòótọ́, tí mo bá tún un ṣe lónìí, mi ò ní fi SA500 ṣe èkejì. Mi ò ní ẹjọ́ kankan lọ́rùn rẹ̀: TLC ni, 1,300 TBW ló ní fún 2 TB, ó ń bá wáyà mi rìn láìmí gúlegúle. Ṣùgbọ́n kò ní PLP bíi ti Kingston, mirror sì máa ń dúró de ẹni tó rọra ń rìn jù. Àwọn ètò kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń ní kí dírááfù fi dá wọn lójú pé ó ti dúró ṣinṣin. Dírááfù tó ní kàpásítọ̀ lè dáhùn lójú ẹsẹ̀ torí ó mọ̀ pé iná kò lè já òun kulẹ̀. Tèmi ní láti dúró de WD kó tó lè dáhùn, nítorí náà ìdajì ohun tí mo ra lára Kingston ń sùn. Micron 5400 ni mo máa fi tì í, ó ní PLP, 1.92 TB tirẹ̀ náà wà. Fún ẹni tí kò ní ju àwòrán àti fíìmù lọ, SA500 méjì tó o, kó kàn ra UPS, bátìrì tó ń gbé iná ró tí iná bá lọ, sí i. Èmi náà padà ra UPS. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ṣáájú Kingston tí mo ń lò yìí, òmíràn wá tí mo dá padà. Ọ̀dọ̀ òǹtàjà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, "tuntun nínú páálí". Kí n tó kọ ohunkóhun sínú rẹ̀, mo pàṣẹ smartctl -a, tó ń ka àkọsílẹ̀ inú dírááfù, mo wo Power_On_Hours, iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́. Ó lé ní 9,000. Ọdún kan ó lé ló ti fi ṣiṣẹ́ níbòmíràn! Ẹ má ṣe fojú fo èyí, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, iye tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀, méjèèjì yẹ kó sún mọ́ òdo. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń fi F3, ètò tó ń dán àyè dírááfù wò, kún inú rẹ̀ bámúbámú, kí n sì kà á padà. Dírááfù ayédèrú tó ń pe ara rẹ̀ ní 2 TB, tí inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kò ní kọjá F3. Iṣẹ́ yẹn tún máa ń fi eré tòótọ́ hàn lẹ́yìn tí àyè eré bá ti tán, ẹ fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì nìyẹn.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Mo tan autotrim nínú ZFS, kí dírááfù máa mọ àwọn ibi tí fáìlì ti kúrò. Àyẹ̀wò gbogbo fáìlì máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mi ò jẹ́ kó kún ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, mo sì ti ń súnmọ́ ibẹ̀. Hard disk àtijọ́ méjèèjì ṣì wà, wọ́n ti lọ sí yàrá mìíràn tí makirofóònù ò ti lè gbọ́ wọn, mo ń tan wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti fi gba ẹ̀dà. Mirror kò gba ènìyàn lọ́wọ́ fáìlì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́. Dírááfù méjèèjì ló máa ń pa á rẹ́ pọ̀, kíá.

Oṣù 14 rèé tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Àṣìṣe kankan kò tíì yọ. Àbúrò mi ti gbọ́ nǹkan mìíràn lábẹ́ ohùn, àmọ́ aago ara ògiri ni lọ́tẹ̀ yìí, mo ti yọ bátìrì rẹ̀.

Àwọn QLC méjì náà kò bàjẹ́. Mo fi ọ̀kan sínú àpótí USB, òun ló ń gbé àwọn fíìmù tí a ń wò nílé, iṣẹ́ tó bá a mu gan-an: ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kà á títí. Èkejì wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ẹ̀dà iṣẹ́ tó ti parí ló wà nínú rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má gbé e sínú dúrọ́ọ̀ kó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, torí SSD tí kò rí iná fún ìgbà pípẹ́ ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀, pàápàá èyí tó ti gbó, àti níbi tó bá gbóná. Òṣùwọ̀n JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò òṣùwọ̀n fún irú ẹ̀rọ yìí, fún SSD kọ̀ǹpútà ilé ni pé, tí a bá ti lo gbogbo TBW rẹ̀ tán, kó ṣì lè pa ohun inú rẹ̀ mọ́ fún ọdún kan láìrí iná ní ìwọ̀n 30°C. Tirẹ̀ ò tíì gbó rárá, àmọ́ ó ń fi í sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun kàn ń ṣe é kí n má bàa máa béèrè ni.